Eyín Ọ̀nì Lórí Káàdì Ulysse

Adìẹ aṣá ló kọ́kọ́ rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìdíje póká, eré káàdì olówó, Velma Fontenette dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ní Bonne Rive, ìlú etí odò kan, ó ń mu kọfí, ó sì ń wo adìẹ náà bó ṣe ń tan ilẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ a máa tan ilẹ̀, kò sí tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n adìẹ aṣá kì í tan ilẹ̀ lásán ní etí odò wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ri nǹkan mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ilé, òun ni yóò hú u síta, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi í pa á jẹ.

Ohun tó hú jáde ni ìgò kékeré kan, irú èyí tí oògùn ikọ́ máa ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìda pupa dí lẹ́nu. Velma kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ṣíbí gígùn tó fi ń ro ọbẹ̀ gọ́mbò gbé e, ó nà án sí oòrùn. Oyin ló wà nínú rẹ̀. Nínú oyin náà ni ewé oníka márùn-ún kan wà, pẹ̀lú òkúta mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, àti káàdì póká kan tí wọ́n ká. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára káàdì náà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, wínníwínní, bí ẹni tí kò kánjú rárá.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Velma fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó ti bá ejò lábẹ́ ìjókòó rí, omi ti gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ kúrò lójú títì rí, kò pariwo. Ojú rẹ̀ tí kì í yí padà yìí gan-an ló sọ ọ́ di ọ̀tá gbogbo àwọn tó ń ta póká ní ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n ó fi aṣọ ìdáná wé ìgò yìí, ó sì gbéra lọ bá onígbàjámọ̀ ìlú.

*

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni Bàbá Placide ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n títí di ìgbà tó bá mú abẹ fífárí, nígbà náà ni yóò dúró gbọn-in. Gbogbo ìlú mọ̀ pé olórí méjì ni, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó bá mọ oògùn níbẹ̀: orí kan fún ayé, orí kan fún ibi tí a kò rí. Àlùfáà gan-an mọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì ti ń gẹrun.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bá mi wò ó," ni Velma wí. "Ìdíje ku ọjọ́ márùn-ún. Ẹnì kan ò fẹ́ kí n jẹ ẹ́."

Bàbá Placide gbé ìgò náà sí imú, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kò fẹ́ kó o jẹ ẹ́ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Oyin kí ayé lè ṣe ọ́ dáadáa. Ewé oníka márùn-ún kí ọwọ́ rẹ lè máa mú nǹkan. Mágínẹ́ẹ̀tì kó lè fa ire wá. Ọmọ mi, ẹni tó ṣe eléyìí fẹ́ kó o jẹ ẹ́ ni! Ó fẹ́ kó o na gbogbo wọn bolẹ̀!"

Ẹ̀rín náà kò dé òpin. Ó dúró sí i lẹ́nu, ó gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta lo bẹ̀ níṣẹ́?"

"Mi ò bẹ ẹnì kankan, Bàbá."

"Coralie ńkọ́?"

"Coralie wo? Àbúrò mi ò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé mi kó má jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Bàbá Placide lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. "Velma, ẹni tó ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ọdún, ṣé torí pé ó fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rán àpò pupa kékeré kan fún un, ó di àwọn nǹkan kan sí i tí kò jẹ́ kó rí, ó ní kó máa fi ọtí líle bọ́ ọ láràárọ̀, kó sì fi í sí àyà. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án. Ẹni tó bá fara kàn án ti pa oògùn inú rẹ̀ nìyẹn. Fọ́ bíríkì pupa, kó o fi ìyẹ̀fun rẹ̀ la ojú ọ̀nà ilé rẹ. Tó o bá sì lè ṣe é kó o má lọ, má lọ."

Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é kó má lọ? Lópin oṣù ni wọ́n fẹ́ ti Ilé Ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Coralie ń jókòó níbẹ̀. Òmíràn tó sún mọ́ wọn jù, ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ ni, ojú ọ̀nà rẹ̀ a sì máa rì sómi nígbàkígbà tí òjò bá fẹ́. Nígbà tí omi gba ọ̀nà lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀gbẹ́ni Théophile, tí òun náà ń fọ ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilé rẹ̀ jìnnà, kò lè dé ìdí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n sin ín.

Ìdíje yìí nìkan ló lè gba Ilé Ẹ̀rọ là. Olúkúlùkù tó bá jókòó ní ohun rere kan tó ń ta káàdì fún: ẹlòmíràn ilé ọmọ aláìníyàá, ẹlòmíràn ilé ìkàwé. Ẹni tó bá kù sórí ìjókòó kẹ́yìn ni yóò kó gbogbo owó lọ fún tirẹ̀. Àwọn ọlọ́lá máa ń wá láti Houston àti New Orleans. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìjọ Velma fi din ẹja tà kí wọ́n tó lè ra ìjókòó kan, òun ni wọ́n sì ní kó lọ jókòó.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, Ulysse Doucet ti lọ sí òdìkejì odò, sí ilé Màmá Zénobie tó dúró lórí òpó igi nínú ẹrẹ̀. Ulysse ló ni ọkọ̀ apẹdé mọ́kànlá. Ẹni ńlá ni, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tó máa ń yọ fìlà fún àwọn obìnrin. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ń fẹ̀ jù ú lọ láti bí oṣù mẹ́ta.

"Ìgbà wo ni wọ́n dá fún ọ?" ni obìnrin náà bi í.

"Dókítà ní kí n má gbin ohun tó máa pẹ́ kó tó so."

"Hẹn-ẹn."

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fi pa mọ́ fún yín. Tílẹ̀ bá ṣú, mi ò lè pa iná."

"Ikú kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé jù sígbó," ni Màmá Zénobie wí. "Ẹni tó máa gbà á ni wọ́n ń wá."

"Ṣé kí n bù ú sóúnjẹ ẹnì kan ni?"

"Òpònú. Tó o bá bù ú sóúnjẹ, ìwọ lo fún un, ó sì máa mọ ọ̀nà ilé rẹ padà. Òun ló gbọ́dọ̀ gbà á. Ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ òfo, lójú èèyàn, tayọ̀tayọ̀. Ohun téèyàn bá fi ayọ̀ gbà, kò ṣe é dá padà mọ́."

Ulysse rántí gbọ̀ngàn ìjọ, ó rántí ariwo. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Bonne Rive: olúkúlùkù a gbé ohun kan tó fẹ́ràn lé orí káàdì rẹ̀ kí káàdì má bàa fò, ìbáà ṣe òkúta, ìbáà ṣe owó ẹyọ àtijọ́. Ẹni tó bá lé ọ kúrò nídìí tábìlì, òun ni yóò fi ọwọ́ òfo gbé nǹkan rẹ, yóò nà án sókè, gbogbo ilé yóò hó. Bí kò bá gbé e, kò tíì jẹ, owó kò sì tíì di tirẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kan nílé Ulysse kún fún nǹkan àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

"Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fayọ̀ gba nǹkan," ló wí.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ó ro àwọn ọlọ́lá Houston wò. Àwọn wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá jẹ, wọ́n á yán, wọ́n á wo aago. Ayọ̀ wọn kò jìn. Orúkọ tó wá sí i lẹ́nu ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù.

"Velma Fontenette. Tó bá jẹ ẹ́, inú rẹ̀ á dùn dé eegun." Ó gbé itọ́ mì. "Òun ló se oúnjẹ níbi ìsìnkú ìyàwó mi."

"Mi ò bi ọ́ níyẹn," ni Màmá Zénobie wí. Ó mú eyín ọ̀nì kan tó nípọn bí àtàǹpàkò jáde, ó ní kí ó mí sínú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀kẹta, nǹkan kan nínú yàrá náà mí pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin náà fi ìda dúdú dí eyín náà kíákíá. "Má fọwọ́ lásán kàn án mọ́. Kó o sì rí i pé ó jẹ." Ó tún na ìgò oyin kékeré kan tí wọ́n fi ìda pupa dí sí i.

*

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Velma dé Ilé Ẹ̀rọ láti wá gbé àbúrò rẹ̀, ó sì bá Ulysse lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Coralie na ọwọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ nínú rọ́bà, òun sì ń jẹ súìtì tí Ulysse gbé wá, ó ń rojọ́ kiri. Ẹnu kì í rẹ Coralie. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá kú, ẹnu ni wọ́n á tún pa lọ́tọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́ ìbéèrè tí bọ̀dá yìí ń bi mí o! Ó ní tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣé inú yín á dùn? Mo ní bọ̀dá, èwo tún nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi yìí, tójú ẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn báńkì, á jó! Á jó títí bẹ́líìtì ẹ̀ á fi já!"

Ulysse kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Velma bí ẹni tó ń wo àwòrán. "Ṣé lóòótọ́, Velma? Ṣé inú ẹ máa dùn?"

"Ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn, Bọ̀dá?" ni Velma wí. Ó na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ulysse sún sẹ́yìn.

"Iná jó mi lọ́wọ́," ló wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ aláwọ dúdú wà, ọwọ́ ọ̀tún tí nǹkan kan kò ṣe sì ni Velma nà sí. Àpò pupa tó wà láyà Velma gbóná fẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ehoro bá mí lé ènìyàn lára.

Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, kò sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó rí i pé ìyẹ̀fun bíríkì tó fi la ojú ọ̀nà ti ní àmì ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò wọlé. Ó dúró síta lójúkan, ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìrì ti sẹ̀ yí i ká, kò sẹ̀ sínú rẹ̀.

*

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Anatole, tó ni ilé ìsìnkú ìlú, ni alága bí ó ti máa ń rí lọ́dọọdún, pẹ̀lú fìlà gíga dúdú tó fi ń ṣáájú pósí. "Ẹ má bẹ̀rù o, ẹ̀yin èèyàn mi! Eré ni mo bá wá lónìí, kì í ṣe iṣẹ́! Àmọ́ ẹni tí ara ẹ̀ ò bá dá, ìwé tí mo ń kọ orúkọ òkú sí wà lápò mi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó. Èéfín edé tí wọ́n ń sè níta kún gbọ̀ngàn.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ulysse dì mọ́ Velma gbágbá kí ó tó lè yẹ̀ ẹ́. "Orí á bá ẹ ṣe é," ló wí sí i létí. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti yàrá tí wọ́n ti tì láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó tú u sílẹ̀, àpò pupa ti tutù lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Velma fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́ ju aṣọ àti ewé gbígbẹ.

Síbẹ̀ káàdì ń wọlé fún un. Ó ń wọlé débi tó fi ń bà á lẹ́rù. Kó tó dọ̀sán, ó ti lé ọlọ́lá Houston kan kúrò, ó gbé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tí ìyẹn fi lé káàdì, ó nà án sókè, ilé hó. Aago mẹ́ta lù, ó lé obìnrin kan láti New Orleans. Nídìí tábìlì kan náà, Ulysse ń lé àwọn yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíákíá, bí ẹni tó ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí Velma bá ti ti ike rẹ̀ sáàárín, àwọn ike róbótó tó dúró fún owó yẹn, Ulysse á ju káàdì sílẹ̀, á fi ike tó wà láàárín sílẹ̀ fún un. Lórí káàdì rẹ̀, eyín ọ̀nì náà dúró. Kì í fi ọwọ́ lásán gbé e.

Ìgbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan ni fáànù fẹ́. Ulysse ṣẹ̀ṣẹ̀ ju káàdì méjì sílẹ̀ fún Velma, ó ti fi ike rẹpẹtẹ sílẹ̀ lọ. Atẹ́gùn yí ọ̀kan padà: ọba. Ó yí èkejì: ọba. Ẹni tó ń pín káàdì yára bò wọ́n, ṣùgbọ́n Velma ti rí i.

Ó ta póká fún ogójì ọdún. Ó ti rí olè, ó ti rí ọ̀mùtí, ó ti rí ẹni tó ń fi ìyàwó tọrọ ike. Kò rí ẹni tó ju ọba méjì nù rí, káàdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára jù lọ nínú eré náà. Ó gbé ojú sókè, ó wo Ulysse. Ulysse ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Alága," ni Velma wí, "ẹ fún wa ní ìsinmi díẹ̀."

*

Bàbá Placide ti ń dúró dè é lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí oòrùn ti mú. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ dànù.

"Mo ti rí eyín yẹn," ló wí. "Iṣẹ́ Zénobie ni. Ulysse ń kú lọ, Velma, ikú ẹ̀ ló gbé sórí káàdì. Ìwọ ló fẹ́ kó gbà á."

"Ẹ fún mi lóògùn ẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Àpò yín ti kú."

"Oògùn wo? O ò rí i pé ẹ̀bùn ni? Àwọn èèyàn ń fi oògùn dá ọ̀tá dúró. Ta ló ń fi oògùn dá ẹ̀bùn dúró?" Ó nawọ́ sí ọ̀nà ilé rẹ̀. "Lọ pàdánù. Ju gbogbo ike ẹ nù fún un kó o máa lọ sílé."

Láti ojú fèrèsé, Velma rí Coralie. Wọ́n ti gbé àga onírọ̀gbọ̀kú fún un níwájú, ó wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú jáde nínú bàtà. Ó fi ìka kọ́ ìka fún oríire bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

"Tí mo bá pàdánù, Coralie ńkọ́?"

Bàbá Placide náà yọjú wo Coralie. "Ayọ̀ ni ilẹ̀kùn tó fẹ́ gbà wọlé. Tó o bá gbọ́dọ̀ gbé e, fi ìbànújẹ́ gbé e. Kì í ṣe tojú o! Mo mọ̀ ẹ́, o lè fojú tan gbogbo ayé jẹ. Eléyìí kì í wojú. Ọkàn ẹ gan-an ló gbọ́dọ̀ bà jẹ́, bíi ti ẹni tó ń sin òkú. Kó o di ìbànújẹ́ yẹn mú títí wàá fi gbé eyín yẹn kalẹ̀. Tó ò bá fàyè gbà á, ó máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

*

Nínú ilé ìtọ̀, Ulysse di eyín náà mú lórí omi, nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rántí ìyàwó rẹ̀. Ó rántí Velma nínú ilé ìdáná wọn lọ́jọ́ yẹn, tó ń gé àlùbọ́sà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ó ń sunkún. Kí ó jù ú sómi kí ó fa omi lé e, ìṣẹ́jú kan ni. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni ìrora gbé e láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó mú un dání pẹ́, ó sì tún rí òkùnkùn tí kì í jẹ́ kó pa iná. Ó di eyín náà mú gírígírí, ó padà sínú gbọ̀ngàn.

*

"Gbogbo rẹ̀," ni Ulysse wí, ó sì ti gbogbo ike tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sáàárín. Kò wo káàdì rẹ̀. Ó gbé eyín ọ̀nì lé wọn, ó ká ọwọ́ sí àyà.

Velma wo tirẹ̀. Ayaba méjì. Ó di dandan kó tẹ̀ lé e. "Mo wà ńbẹ̀," ló wí.

Wọ́n ṣí ti Ulysse: méje àti méjì, káàdì tó burú jù lọ nínú eré náà. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta tí àwọn méjèèjì jọ ni sáàárín tábìlì, méje wà níbẹ̀, méjì náà wà níbẹ̀, ẹ̀rín dúró. Ulysse ti wà níwájú. Àwọn ará ọkọ̀ rẹ̀ fò dìde, wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni kò dìde. Ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ ń mì: "Rárá. Rárá o. Jọ̀ọ́."

Kí n má purọ́, apá kan nínú ọkàn Velma gbà á ládùúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Kó pàdánù, kó má jẹ́ ẹ̀bi òun, kó lọ sílé, kó yè. Káàdì kẹrin kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀karùn-ún jáde. Ayaba ni, ti Velma di mẹ́ta.

Ariwo náà gbọn fèrèsé. Ulysse fi orí lé tábìlì bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀.

Velma kò gbọ́ ariwo. Ó ti wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ó wá ọmọ tó bí ní òkú lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, tó fún ní orúkọ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e dání lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí èékánná ọwọ́ rẹ̀. Omijé ń dà lójú obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí omijé rẹ̀ rí, ó na ọwọ́ òfo, ó gbé eyín ọ̀nì náà.

Ó wúwo, ó tutù. Ó rí i dájú pé nǹkan kan ń rìn káàkiri àtẹ́lẹwọ́ òun, ó ń wá ojú ọ̀nà, kò rí i. Ó nà án sókè. Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Placide mi orí sí i: di í mú, di í mú. Ulysse ti gbé orí. Ó rí omijé yẹn, ó sì yé e. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló kù kó gbé e kalẹ̀? Bóyá mẹ́ta.

Coralie ti dìde. Coralie tí kì í rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọnù, ó ti dé iwájú, ó sì já fìlà gíga dúdú kúrò lórí Anatole, ó dé e, ó bò ó dé etí. Ó na ìka sí oníṣẹ́ òkú náà nímú.

"Anatole! Lọ tú ìwé tó o kọ orúkọ mi sí! O ò ní rí mi sin lọ́dún yìí! Kódà èmi ni mo máa sin ẹ́, pẹ̀lú fìlà ẹ yìí náà!"

Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Anatole fúnra rẹ̀ di ikùn mú. Coralie sì ń jó, ẹsẹ̀ wíwú, fìlà òkú lórí, ó ń jó bíi tọmọ ọdún méje.

Velma sì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́. Ẹ̀rín kékeré kan péré ni, ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ló ti wá, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Eyín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lójijì, ó fúyẹ́ bí ẹ̀pà tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀. Ní òdìkejì tábìlì, Ulysse Doucet fa èémí kan tó gùn, tó mọ́, àwọ̀ sì ń padà sí i lójú. Kò lè wo Velma. "Velma..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi," ni Velma wí.

*

Níta, wọ́n da edé sórí tábìlì gígùn, oòrùn ń wọ̀. Coralie jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fìlà Anatole ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń bó edé, ó ń kó o sí àwo Velma. Àwọn ènìyàn ń wá dì mọ́ wọn, wọ́n ń lọ. Bàbá Placide ti lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà fẹ́ jókòó nídìí tábìlì yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ mi."

"Màá kọ́ ẹ."

"Kò kánjú o. Wọn ò ti Ilé Ẹ̀rọ mọ́, mo ti ráyè báyìí. Tó bá di lẹ́yìn Kérésì..."

"Lọ́la," ni Velma wí.

"Lọ́la kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ara tù yín ná!"

Velma fi ọwọ́ òsì tún fìlà náà ṣe lórí àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó fi gbé eyín ọ̀nì, ń bẹ lórí itan rẹ̀, ó tutù, kò gbé e sókè. "Lọ́la, Coralie. Tá a bá ti jẹun àárọ̀ tán. Mú káàdì wá."